Wọ́n Gbé Òkú Rẹ̀ Fún Mi, Wọn Ò Fún Mi Ní Èsì Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Èmi jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, akọ̀wé kan ti rẹ́rìn-ín ṣáájú yín.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ránṣọ ní ilé ìwòsàn tó kú sí yìí. Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, òun ló ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń rán ẹ̀wù tí àwọn dókítà ń wọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń rán àpò ẹ̀wù nọ́ọ̀sì, torí ó ní àlùmọ́gàjí wọn máa ń dá a lu. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é.

Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé tí mo háyà ló ń gbé, ìwé ìròyìn yìí ló sì pa wá pọ̀. Ọjọ́ tí àpilẹ̀kọ mi bá jáde nínú rẹ̀, á kan ilẹ̀kùn, á ní, "O tún ti wí wí wí kó o tó dénú ọ̀rọ̀." Inú á bí mi, torí òótọ́ ni. Lọ́jọ́ kan mo pè é ní Mọ́mì. Ó tẹ ojú mọ́ mi.

"Gbọ́. Mi ò bímọ, mi ò sì ní kó o wá ṣe ọmọ fún mi. Wọ́n ti pè mí ní ìyá títí, wọ́n ní àwọn ń tù mí nínú. Ó ti sú mi. Ọ̀rẹ́ ni mo ń wá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí i pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ káàárọ̀ mà," tí gbogbo ará ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, kókó kan yọ sí i lọ́rùn. Ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń rù ṣáá. Nílé ìwòsàn náà, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó wá gba èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ò sì ní bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìsí èsì yẹn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì fi máa pé, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, àjà kẹta sì ni wọ́n ti ń gba èsì. Ó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fún mi ní èsì òun, ó fọwọ́ sí i, ó kó o fún mi pẹ̀lú káàdì rẹ̀.

"Kí lo jẹ́ sí i?" Akọ̀wé ló bi mí, ó ti gba lẹ́tà náà, ó sì ti ṣí dúrọ́ọ̀ tí àpòòwé èsì kún inú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ wọn ni mí, mà."

Ó wò mí tòkè tilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ ìyá àgbà! Ṣé ẹ jọ lọ sílé ìwé ni? Jọ̀ọ́, lọ pe mọ̀lẹ́bí ẹ̀ wá."

"Wọn ò ní ẹnì kankan, mà."

"Kò sẹ́ni tí ò ní ẹbí." Ó ti dúrọ́ọ̀ náà.

Ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi lórí ìlà ní àbúrò aláìsàn lòun. Wọn ò béèrè ẹ̀rí, wọ́n fún un.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Kí ló dé tí mi ò purọ́ pé ọmọ rẹ̀ ni mí? Mo sọ fún un pé mo fẹ́ purọ́. Ó di ọwọ́ mi mú. "Má ṣe é, Ọ̀rẹ́. Ìwọ nìkan lo ò tíì pa irọ́ yẹn fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ni mo rán, òun ni kí wọ́n fún." Mo gbà fún un. Mi ò ní dárí ji ara mi láéláé. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo ṣòfin tó jẹ́ pé irọ́ nìkan ló lè là á kọjá?

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ gba òkú rẹ̀. Ọkùnrin tó wà ní mọ́ṣúárì na bébà sí mi pé kí n fọwọ́ sí i. Mo dúró. Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀.

"Ẹ ò ní béèrè ohun tí mo jẹ́ sí wọn?"

"Ẹni tó bá ti wá náà ni. Ẹ ṣe kíá, kò sáyè."

Ó gbé fáìlì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní àwọn kì í tọ́jú ti òkú. Èsì náà wà nínú rẹ̀, wọ́n fi pínnì so lẹ́tà rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí èsì náà fi hàn pé ó ti jáde kí n tó gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kíní. Kì í ṣe jẹjẹrẹ tí àwa méjèèjì ti gbà pé ó jẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wọ inú kókó náà, èyí tí wọ́n ń fi hóró oògùn wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ti ń dágbére fún mi láti oṣù tó kọjá, èmi náà sì ń dá a lóhùn.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ẹ ní ẹ ń ṣèwádìí ikú rẹ̀. Kí lẹ ń wá? Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó ṣòfin yẹn. Kó jáde wá ṣàlàyé bí ìfọwọ́sí aláìsàn ò ṣe tó gba ìwé nípa ara rẹ̀, tí ìfọwọ́sí tèmi sì tó gbé òkú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni akọ̀wé yín ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ níwájú mi tó tún tì í, ó sì kún fọ́fọ́. Ẹ ṣí i lọ́la. Ẹ ka orúkọ tó wà lára àwọn àpòòwé yẹn, kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.