Àdúrà Tí A Kò Dárúkọ

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Kubwa, nínú Abuja, láàárọ̀ kùtùkùtù, tí mo ń gbàdúrà fún ẹnì kan láì mọ ohun tí mò ń bá a tọrọ. Ọ̀rẹ́ mi ni ẹni náà. Àdúgbò Karu ló ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ará Kàbà ni wọ́n. A jọ wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì, a jọ ń kọ́ bayokẹ́místìrì, orí bẹ́ǹṣì kan náà la sì máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi pé, "Jọ̀ọ́, bá mi fi ọ̀rọ̀ kan sínú àdúrà." Mo bi í pé ọ̀rọ̀ wo. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣá. Olúwa mọ̀ ọ́n." Ni èmi náà bá ní kó bá mi gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ara fu mí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Púpọ̀ nínú wa tó wà ní bayokẹ́místìrì, ìṣègùn la fẹ́ kà. Máàkì wa ni kò tó tí wọ́n fi kó wa síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin ọdún kìíní, wọ́n máa ń pe àwọn tí máàkì wọn bá dára jù, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n á sì jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn kọjá sí ìṣègùn. "Kírọ́ọ̀sì" ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Gbogbo wa la fẹ́ kírọ́ọ̀sì, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ jáde. Màámi, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ti kìlọ̀ fún mi: "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. O ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni o." Mo ní, ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ wo? Ṣé èmi ni mo bí i?" Àwọn fúnra wọn ń pè mí ní dókítà, ṣùgbọ́n nínú kíṣíìnì nìkan ni, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ìkòkò lè lọ rò.

Ìfura loògùn àgbà, ni wọ́n máa ń wí. Èmi kì í ṣe àgbà, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn mo lo oògùn náà ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀rẹ́ mi ló fún mi ní ìdí. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹ gúgúrú, ó ṣàdédé sọ pé, "Èmi fẹ́ràn bayokẹ́místìrì gan-an o." Kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa gan-an kì í sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Èmi náà." A wo ara wa, a sì padà sídìí gúgúrú wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á dojú fóònù rẹ̀ délẹ̀. Kì í sọ máàkì tirẹ̀ títí mo fi máa sọ tèmi. Ó ra kóòtù funfun tuntun, bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ kò tíì pọ́n rárá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i tó ń yọ́ jáde láti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba orúkọ àwọn tó fẹ́ kọjá. Mo pè é, ó ta gìrì.

"Kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

"Mo wá mu omi ni."

"Omi? Nínú ọ́fíìsì?"

"Òùngbẹ ń gbẹ mí, jàre. Ṣé ìwọ wá dọlọ́pàá ni? Ìwọ gan-an, níbo lò ń lọ?"

Ọ́fíìsì yẹn náà ni mò ń lọ. Mo ní, "Òùngbẹ ń gbẹ èmi náà."

Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀ o. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì gbà á gbọ́. Inú mi ń bí sí ara mi pé mi ò gbà á gbọ́, lẹ́yìn náà inú mi á tún bí sí i pé òun ló jẹ́ kí inú mi máa bí sí ara mi. Mo rò pé ó ti mọ àṣírí mi, pé "ọ̀rọ̀ kan" tó ní kí n gbàdúrà lé lórí, aṣọ ló fi bo nǹkan mìíràn. Bí àdúrà mi ṣe yí padà nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ní, "Olúwa, ṣe é fún un." Ní báyìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Olúwa, ṣe é fún un, bí kò bá ti pa tèmi lára." Mo rò pé ọgbọ́n ni.

A ṣe ìdánwò. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo parọ́ fún ọ̀rẹ́ mi pé mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Bwari. Ó ní òun náà kò ní sí nílé, pé ara ìyá àgbà òun kò yá, òun ń lọ wò wọ́n ní Kàbà. Mo ní Olúwa á wò wọ́n sàn. Mo tilẹ̀ fi ìyá àgbà kún àdúrà mi.

Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe dé ẹnubodè ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn, ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀ ní, "Sànnu, likita." Dókítà ni Hausa ń pè ní likita. Mo rìn wọlé bí ẹni tí wọ́n ti fún ní iṣẹ́, títí mo fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn tí wọ́n pè jókòó sí. Ọ̀rẹ́ mi wà láàárín wọn. Òun ló kọ́kọ́ rí mi.

"Ṣé Bwari rèé?"

"Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Ara wọn ti yá."

"Kíá báyìí?"

"Àdúrà rẹ ni."

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín láì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo jókòó tì í.

"Ọ̀rọ̀ kan yẹn..."

"Òun nìyí."

"Tèmi náà nìyí. Ta ló ní kó o má sọ?"

"Màámi ni. Ìwọ ńkọ́?"

"Màámi náà ni."

Akọ̀wé kan jáde wá, ó ní kí a má fi ọkàn sí i jù, pé àyè tó wà kò pọ̀. Ó pe orúkọ ọ̀rẹ́ mi. Bó ṣe dìde, mo ní, "Olúwa á ṣe é." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ ohun tí mò ń bá a tọrọ, ẹnu mi sì wúwo.

Olúwa ṣe é. Orúkọ rẹ̀ jáde, tèmi kò jáde. Mo bá a yọ̀, mo sì sunkún, mi ò lè sọ èyí tó ṣáájú. Nígbà tó yá, mo bi í pé, "Báwo lo ṣe gba àdúrà tèmi gan-an?" Ó ní, "Bí ìwọ náà ṣe gba tèmi." Mi ò lè bi í mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń yí gbólóhùn yẹn wò. Bóyá ó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Bóyá ó sì mọ̀ mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo ti parí bayokẹ́místìrì báyìí, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń bá wọn ṣe ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan. Òun ti ń tẹ̀ lé àwọn dókítà àgbà káàkiri wọ́ọ̀dù. Láìpẹ́ yìí, mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Mo fẹ́ fi dìgírì mi tún gbìyànjú ìṣègùn. Bá mi gbàdúrà."

Ó ní, "Kí ló dé tó o fi ń sọ fún mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣe mí láti àtètèkọ́ṣe. Ó dá mi dúró. "Ó tó, ó tó. Mo ti gbọ́. Màá gbà á. Ṣùgbọ́n má tún bi mí bí mo ṣe gbà á o."

Mi ò bi í. Màámi kò tíì mọ̀ pé mo sọ fún un. Ẹnì kan wà nínú Abuja yìí tó mọ ohun tí mò ń wá gan-an, tó sì mọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ wá a tí mi ò rí i. Ó ń bà mí lẹ́rù nígbà mìíràn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, nínú bọ́ọ̀sì Kubwa, mo ti ń ka ìwé ìṣègùn mi láì fi páálí bo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí orúkọ rẹ̀.