Kí Ló Wà Lápá Òsì Rẹ?

Ìbínú ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ obìnrin yìí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Wọ́n jí ọkọ̀ mi gbé níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń bá mi tún aago ṣe. Àwọn ọlọ́pàá rí olè náà, wọ́n gbá tẹ̀ lé e, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Nígbà náà ni ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti inú yàrá rédíò àgọ́ wọn pé kí wọ́n padà. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹni náà.

Mo bá a nídìí tábìlì kan tí kò sí nǹkan púpọ̀ lórí rẹ̀: rédíò, àwòrán àwọn títì ìlú, pẹ́ńsù mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ṣóṣóró, àti ife tíì tí ó fi ìwé pélébé dé. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ fún olè?"

"Èmi ni, sà."

"Ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

"Ó ń tì mí díẹ̀, sà. Àmọ́ tí wọ́n bá tún jí i lọ́la, bí mo ṣe máa ṣe náà nìyẹn. Ṣé kí n bu tíì fún yín?"

Mi ò mu tíì. Mo délé, mo kọ ìwé ẹ̀sùn olójú ewé mẹ́rin, mo sì fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù. Ìwé yẹn ló mú kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọn yóò gbé e kúrò nídìí rédíò lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ iṣẹ́ sí, kó máa ka bọ́tìnnì níbẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni mo tó mọ irú ẹni tó jẹ́. Apá kan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, apá kan lẹ́nu ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà.

Ọdún méjìlá ló fi wa ọkọ̀ ọlọ́pàá kó tó di alábòójútó nídìí rédíò. Lọ́jọ́ kan, ó lé alùpùpù kan la àárín ìlú já, ó sì mú ẹni tó gùn ún. Gbogbo àgọ́ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀gá rẹ̀ wá ní kó ya àwòrán ọ̀nà tó gbà sínú ìròyìn rẹ̀. Kò lè yà á. Iná pupa ẹ̀yìn alùpùpù yẹn nìkan ló rántí. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà látòkèdélẹ̀. Ó rí ibùdókọ̀ tí èrò ń tò sí létí títì, ó rí ilé ìwòsàn kan, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ibẹ̀. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló yọ àwọn èrò ibẹ̀ nínú ewu.

Ìlànà iṣẹ́ wọn lórí ìlépa kò gùn. Ẹni tó ń lé ọkọ̀ kọ́ ni yóò pinnu bóyá kí ìlépa máa lọ, ẹni tó jókòó sí yàrá rédíò ni. Bí ewu tí ìlépa lè fà fún ará ìlú bá ju ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń sá lọ, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìlànà náà kò sọ bí ẹni tó wà nínú yàrá yóò ṣe rí ewu tí kò sí lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun ti fi ìbéèrè tirẹ̀ kún un. Bí awakọ̀ bá ti sọ bí eré rẹ̀ ṣe tó, yóò bi í pé, "Kí ló wà lápá òsì rẹ?" Ẹni tó bá dáhùn dáadáa ṣì ń wo títì. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ìdí ọkọ̀ olè nìkan ló ń wò.

Wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Màmá Apá Òsì. Kódà nílé, bí ẹnikẹ́ni bá gbaná jẹ, ìbéèrè yẹn náà ni. Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí oníbàárà kan gbé tábìlì òun padà lẹ́ẹ̀kẹta, tí òun ń pariwo, ìyàwó òun bi òun. Òun dá a lóhùn pé, "Lápá òsì mi? Ìyàwó tí kì í jẹ́ kéèyàn bínú tẹ́rùn ni!"

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Àwọn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, èmi náà sì wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ ká gbọ́ ohùn tí rédíò gbà sílẹ̀. Ìjì ni wọ́n ń pe awakọ̀ tó lé ọkọ̀ mi.

"Ọ̀nà dá, Màmá! Mo ti ń bá a!"

"Eré mélòó?"

"Àádọ́rùn-ún!"

"Kí ló wà lápá òsì rẹ?"

"Ilé epo!"



"Dúró. Pa fèrè. Padà wálé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ tán!"

"Mo gbọ́. Padà wálé, ọmọ mi."

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "O bi í, ó dáhùn, o tún dá a dúró. Kí ló dé?"

"Kò sí ilé epo ní títì yẹn, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀ láti orí àga?"

"Mo máa ń fẹsẹ̀ rin àwọn títì wa lọ́jọ́ ìsinmi mi, sà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Wọ́n pe Ìjì. Gbogbo àgọ́ ló mọ̀ pé inú ń bí i; láti ọjọ́ náà, ìkíni tó ń kí Màmá kò ju mímì orí lọ.

Alága fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í. "Bóyá àṣìsọ lásán ni. O rí ohun tó wà níbẹ̀, ẹnu rẹ ló pè é ní ilé epo. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" kan péré ló kù kí Ìjì sọ. Yóò jàre, àga yóò sì bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá, sà. Mi ò rí nǹkan kan. Ilé epo tí mo sọ, títì tí mo ti kọjá ló wà. Mo padà lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, torí mo fẹ́ fi han Màmá pé èmi ni mo jàre. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà lápá òsì."

"Aago mélòó lo kọjá níbẹ̀?"

"Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, sà."

"Aago mélòó ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ń jáde?"

Mo ti ṣe olùkọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo sì dáhùn láti orí bẹ́ǹṣì kí n tó rò ó: "Aago méjì ni wọ́n ń jáde."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ìwé ẹ̀sùn mi padà. Akọ̀wé ní àwọn kì í dá ìwé padà, àfi kí n kọ òmíràn. Mo kọ òmíràn, olójú ewé kan, láìfa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kankan.

Wọ́n fi í sílẹ̀ nídìí rédíò rẹ̀. Alága fẹ́ kí wọ́n kọ ìbéèrè náà sínú ìlànà, ṣùgbọ́n Màmá kò gbà. Ó ní bí ó bá ti dé inú ìwé, wọn yóò há ìdáhùn rẹ̀ sórí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, Ìjì rí ọkọ̀ mi lọ́dọ̀ akunmọ́tò kan. Ìdajì rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Nígbà tí mo lọ gbà á, mo jókòó, mo sì mu tíì.

Màmá fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, Ìjì ló sì wà lórí àga náà báyìí. Màmá ń kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun ní ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ń gbé nínú ilé oníyàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.