Omi Ẹnu Ìyálé Mi

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ọmọ mi. Bí inú bá ń bí ìyálé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, omi ni wọ́n máa ń bù sẹ́nu. Wọn ò ní gbé e mì, wọn ò ní tu ú, àfi tí ọkàn wọn bá rọ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá dé ẹnu ti dàgbà. Inú ni ká ti pa á."

Èmi rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Lọ́jọ́ kan mo ti ọjà Tákíè dé, mo bá ọmọ mi tó ń sunkún lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Ìkà! Ọmọ mi lẹ nà báyìí?"

Wọ́n bu omi sẹ́nu. Inú túbọ̀ bí mi. Mo gbé ọmọ odó, mo là á mọ́ wọn léjìká, mo tún là á mọ́ wọn lẹ́nu. Eyín kan ká. Wọ́n sáré wọ ilé ìdáná, wọ́n mú ọ̀bẹ jáde.

Mo kígbe, "Ẹ gbà mí o!"

Wọ́n tu omi náà, ó pupa. Wọ́n na ọ̀bẹ náà sí mi, wọ́n ní,

"Ìyàwó, gba ọ̀bẹ yìí kíákíá! Mo ti pa ọ́ nínú ọkàn mi. Bá mi bẹ Jésù kó má dé ọwọ́ mi."

Mo gba ọ̀bẹ. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé oyin ló ta ọmọ mi.

Ìyálé mi ti kú. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá bá mi tí omi kún mi lẹ́nu, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń pa nǹkan lọ́wọ́.