Ẹyin Inú Iṣu

Bàbá mi gba Ọlọ́run gbọ́, ó gba Màríà gbọ́, àmọ́ ohun tó gbà gbọ́ jù lọ láyé ni pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Òun alára ń jẹ ẹ́ o. Ó ní àgbà ti kọjá ẹni tí ń kọ́ olè jíjà.

Àbúrò mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà bá. Kò tíì pẹ́ tí àwọn Faransé ká àsíá wọn lọ nígbà náà. Ọpọlọ ọmọ náà kì í tètè gbé nǹkan, oúnjẹ jíjẹ sì máa ń ni ín lára. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pọnmi, òun ṣì wà lórí ẹní, apá rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ̀rù ń bà wá pé a ó sin ín. Ni ìyá mi bá pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí ilé wa wà lọ sí ilé ìwòsàn àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà ní Dásà. Ọ̀kan nínú wọn, Masẹ́ẹ̀ là ń pè wọ́n, ló wò ó, ó ní kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ọ̀ràn òrìṣà odò, ebi ni. Ọmọ tí kò lè jẹ púpọ̀, ìwọ̀nba tó bá jẹ gbọ́dọ̀ lágbára. Ó ní kí wọ́n máa fún un ní ẹyin.

Ìyá mi kò bá bàbá mi jiyàn. Obìnrin tó bá ti ní odó, kí ló ń jiyàn fún? Ó gún iṣu, ó da epo pupa sí i, ó gún ẹyin sísè mọ́ ọn títí ojú kò fi dá a mọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n da èèpo ẹyin sẹ́yìn àpáta, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ilé ìwé lọ. Bàbá mi a máa bu díẹ̀ tọ́ wò nínú àwo ọmọ, a ní, "Iṣu yìí mà dùn." Ìyá mi a ní iṣu tó ti abúlé Kpingni wá ni.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ó ń di ògiri mú dìde. Bàbá mi ní àdúrà tí òun lọ gbà ní Dásà, ní ihò àpáta tí ère Màríà wà, ló gbà. Màríà gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ adìyẹ wa náà kò sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà ti ìta wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò di ohunkóhun mú, ó sì fi ẹyin tútù kan sí bàbá mi lọ́wọ́. Ìyá arúgbó ìtòsí wa ti wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ọmọ yín ló wá jí ẹyin lábẹ́ adìyẹ mi."

Bí bàbá mi bá tipa èyí mọ ohun tó wà nínú iṣu, ẹyin ti parí, ọmọ yóò sì padà sórí ẹní.

"Ìyá, ẹ dákun," bàbá mi ní, "ta ló gbé e dé ilé yín?"

"Ta ni ì bá gbé e? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wá."

Bàbá mi ní kí ìyá arúgbó náà tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ló bá bọ́ síta, ó ń ké sí àwọn tó ń ti oko bọ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́, ọmọ òun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ jalè. Omi ń dà lójú rẹ̀. N kò rí ẹni tó fi olè yangàn báyìí rí.

Nígbà tó wọlé, ó ní kí n mú ẹyin tiwa fún arúgbó. Ó wá na èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ìyá mi.

"Sè é fún un," ó ní. "Má sì fi iṣu bò ó mọ́."