Àwo Fàdákà Tí Wọ́n Bá Mi Fọ̀

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí ní Sharjah, ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Nínú gbogbo ọjà tí mo rà ní ọjà Deira lọ́dún náà, àwo fàdákà àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Páṣíà nìkan ni mo rà fún ara mi. Wọ́n fín olólùfẹ́ méjì inú ewì ìfẹ́ àwọn ará Páṣíà sí i. Dúdú tó wà nínú ìlà tí wọ́n fín náà ni a fi ń rí ojú wọn. Ẹ̀gbọ́n pè é ní ìdọ̀tí. Kí n tó ti ọjà dé, ó ti fi kànìnkànìn onírin ha ojú àwọn méjèèjì kúrò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti bà á jẹ́!”

“Khalas, ó tó, ìyàwó! Ṣé ẹ kì í fọ abọ́ nílé yín ni?”

Mo ń retí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ títí àìsàn fi dá Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: “Ìyàwó, àwo tí mo bá ọ fọ̀ ní Sharjah, o ò tíì dúpẹ́ títí dòní.”