Nígbà Tí Kíláàsì Kò Dá Mi Lóhùn

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Camp Springs, ní Amẹ́ríkà, kò jìnnà sí ibùdó àwọn ọmọ ogun òfúrufú. Ibẹ̀ ni mo ti fi etí ara mi kọ́ ìró bàlúù. Bí èyí tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin àti abẹ̀bẹ̀ bá ń bọ̀, ìró rẹ̀ a máa lọ sókè sódò bí ẹni tó ń mí, nítorí àwọn abẹ̀bẹ̀ náà kì í yí ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́. Ti jẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Igbe kan ṣoṣo ni, kò ní èémí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ níyẹn nígbà ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ níwájú kíláàsì ní yunifásítì ní College Park, láàárín àwọn ọdún 1990. Ẹni tí kò bá sọ tirẹ̀ yanjú kò ní ráyè wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí mo sì torí rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú òun. Mo dìde, mo sọ gbólóhùn kan, mo sì tún jókòó.

"Bàbá bàlúù!" ó ní. "Ìwọ tí o máa ń rojọ́ ẹ́ńjìnnì títí ọbẹ̀ á fi jóná?"

"Àǹtí mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bó o bá lè bẹ̀rù èmi báyìí, ọ̀la ńkọ́?" Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ṣáájú mi dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi jìnnà. Olùkọ́ wa, obìnrin àgbà kan tí kì í gbóhùn sókè, kọ nǹkan sílẹ̀. Ó pè mí, ó sì pa iná.

Ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ń kùn. Mo fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì tí mo yà sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara, tí mo tẹ́ sórí ẹ̀rọ náà. Òjìji pẹ́ńsù náà ga jù mí lọ lára ògiri, ó ń gbọ̀n rìrì.

Mo kí wọn, "Ẹ káàsán o," lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí èèyàn bá kí àwùjọ tí wọn kò dáhùn, ìjà ti wà nílẹ̀. N kò mọ̀ pé níhìn-ín, wọ́n kàn ń retí kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ ni. Mo dúró. Ojú wọn ń dán nínú òkùnkùn.

"Kí lò ń dúró dè?" olùkọ́ bi mí.

"Wọn ò tíì dá mi lóhùn, mà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn wá ké pé, "Káàsán, ọ̀gá! Ará ilé ńkọ́?"

Ó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti dá a lóhùn: "Wọ́n wà dáadáa, a dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"N ò tíì bímọ!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní àánú nínú. Síbẹ̀, ohùn mi ti jáde. Mo fi pẹ́ńsù náà lélẹ̀ sórí gíláàsì ẹ̀rọ náà, ẹnu rẹ̀ dojú kọ abẹ̀bẹ̀ tí mo yà. Òjìji náà dúró jẹ́ẹ́. Mo wá fi ẹnu kùn bíi bàlúù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, sókè, sódò, nínú òkùnkùn náà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo sọ̀rọ̀ dópin.

Olùkọ́ tan iná. "O yege," ó ní, láìwò mí. Mo kó ọ̀rá mi kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó kàn ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì na pẹ́ńsù náà sí i.