Akọ̀wé Kí Ni?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dà tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Òkukù, mo bi àwọn ọmọ tó ku ọdún kan kí wọ́n jáde pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ ní akọ̀wé. Gbogbo wọn ní akọ̀wé. Inú bí mi. "Akọ̀wé kí ni?"

Mo bá kó wọn wọ rélùwéè lọ sí Ìkìrun, mo ní kí wọ́n bi gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá rí bó ṣe dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n bi nọ́ọ̀sì, wọ́n bi mẹkáníìkì títí ó fi fi sípánà lé wọn.

Nígbà tí a padà dé, mo tún bi wọ́n. Ọ̀kan fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, òmíràn fẹ́ máa wa rélùwéè. Ọmọbìnrin Inísà kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde: "Tíṣà bíi tiyín ni, mà, ṣùgbọ́n mi ò ní máa bínú."

Lẹ́yìn òmìnira, ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ ní Inísà. Mo lọ kí i. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń jágbe: "Akọ̀wé kí ni?"

Mi ò wọlé. Mo yí padà, mò ń yan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.